Lewis Latimer àti Iṣẹ́ Iná Mànàmáná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń pa òwe yìí, koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ń bo ilé, ẹyin iná kan ṣoṣo sì tó láti sọ odidi agbo ilé di eérú. Lónìí, páànù ti gba ipò koríko, ṣùgbọ́n òwe náà kò tí ì di ohun àtijọ́. Bí a bá wọ inú ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Òkokomáíkò, a óò rí i pé gílóòbù kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ dirodiro láti òkè mọ́. Oníṣẹ́ ti lu ihò róbótó-róbótó sára àjà, ó sì ti ki gílóòbù kéékèèké bọ inú wọn, tí ó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ojú ń rí. Àwọn wáyà tí ó gbé iná wá, ojú ibi tí a ti so wọ́n pọ̀, àti ooru tí gílóòbù ń tú sẹ́yìn, gbogbo wọn fara pamọ́ sókè àjà, láàárín igi àti eruku. Ẹwà ni a rò pé a fi sílé. Bí iṣẹ́ náà kò bá dára, iná ni a fi sórí òrùlé, tí a sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi yan ìtàn Lewis Howard Latimer fún ẹ̀kọ́ yìí. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi iná mànàmáná sínú ilé ní ayé. Iṣẹ́ tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí ni ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ iṣẹ́ náà mọ́, nítorí pé kì í ṣe ojú ènìyàn ni ó ń ṣe é fún.

Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀. Ìlú Norfolk ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni George Latimer àti Rebecca aya rẹ̀ ti ń sìn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1842, nígbà tí Rebecca wà nínú oyún, àwọn méjèèjì pinnu pé ọmọ tí àwọn yóò bí kò ní jẹ́ ẹrú ẹnikẹ́ni. Wọ́n sá wọ inú ọkọ̀ ojú omi kan, wọ́n sì fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nítorí pé òyìnbó ni baba tí ó bí George, àwọ̀ rẹ̀ mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde sí gbangba, ó ṣe bí ọ̀gá òyìnbó tí ń rìnrìn àjò, aya rẹ̀ sì ṣe bí ìránṣẹ́ rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe dé ìlú Boston ní àríwá, níbi tí òwò ẹrú kò ti sí mọ́.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n dé ibẹ̀ tí ẹni tí ó mọ George ní Virginia fi rí i. Wọ́n mú un, wọ́n sọ ọ́ sí àtìmọ́lé, ọ̀gá rẹ̀ sì wá láti gbà á padà. Inú bí àwọn ará Boston, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun. William Lloyd Garrison àti Frederick Douglass, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, wà lára àwọn tí ó gbé ohùn sókè nítorí rẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì fi 400 dọ́là ra òmìnira rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀: àwọn ènìyàn tí ó ju 60,000 lọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, nígbà tí ó sì di ọdún 1843, ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣe òfin pé òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò gbọdọ̀ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́ láti mú ẹrú tí ó sá.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1848 ni a bí Lewis ní ìlú Chelsea, nítòsí Boston. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Ilé náà kò ní ọrọ̀. Baba rẹ̀ ń gẹ irun, ó sì ń lẹ bébà ọ̀ṣọ́ mọ́ ògiri ilé àwọn ènìyàn. Lewis a sì máa bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe. Nígbà tí ọmọ náà tó ẹni ọdún mẹ́wàá, George fi ilé sílẹ̀, ẹrù àwọn ọmọ sì di ti ìyá wọn nìkan. Ìwé tí Lewis kà ní ilé ẹ̀kọ́ kò pọ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀ràn ẹrú, ó wọ iṣẹ́ ogun ojú omi ní ọdún 1864, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì sìn nínú ọkọ̀ ogun tí a ń pè ní Massasoit. Ogun parí ní 1865, a dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ọlá, ó sì padà sí Boston láti wá iṣẹ́.

Ilé iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò kan, Crosby àti Gould, ni ó ti rí iṣẹ́ ìránṣẹ́. Dọ́là mẹ́ta ni owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò náà ni láti bá ẹni tí ó bá ṣẹ̀dá ohun tuntun gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹlòmíràn má bàa jí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìjọba kò ní fún ènìyàn ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ àfi bí ó bá mú àwòrán ohun náà wá, tí gbogbo ìdè àti ìsopọ̀ rẹ̀ hàn kedere. Nítorí náà ni àwọn ayàwòrán ẹ̀rọ fi wà ní ilé iṣẹ́ náà, ojú Lewis kò sì kúrò lára ọwọ́ wọn. Ó wo irú ohun èlò tí wọ́n ń lò, ó ra àlòkù tirẹ̀, ó ra ìwé tí ó kọ́ni ní iṣẹ́ náà, ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ní alaalẹ́. Nígbà tí ó dá ara rẹ̀ lójú, ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun ya àwòrán kan wò. Wọ́n kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí ohun tí ó yà, ẹ̀rín dákẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹni tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ti di olórí àwọn ayàwòrán náà.

Ní ọdún 1873 ni ó gbé Mary Wilson níyàwó, Ọlọ́run sì fi ọmọbìnrin méjì ta wọ́n lọ́rẹ lẹ́yìn náà. Ní 1874, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ gba ìwé àṣẹ lórí ilé ìyàgbẹ́ tí ó dára jù ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ọkọ̀ ojú irin. Ní 1876, Alexander Graham Bell ń múra láti gba ìwé àṣẹ lórí tẹlifóònù, Latimer ni ó sì ya àwòrán fún un. Gbogbo ayé ni ó mọ orúkọ Bell. Àwọn díẹ̀ ni ó mọ ọwọ́ tí ó fa ìlà àwọn àwòrán náà.

Nígbà tí ó fi máa di 1879, Thomas Edison ní Amẹ́ríkà àti Joseph Swan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe gílóòbù oníná mànàmáná tí ó lè tàn. Ó yẹ kí a mọ bí ó ti ń tàn, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé. Inú ìgò dígí kan ni a fi fọ́nrán èédú tín-ín-rín sí, a sì fa afẹ́fẹ́ inú ìgò náà jáde. Bí iná mànàmáná bá gba inú fọ́nrán yìí kọjá, fọ́nrán náà yóò gbóná títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì mọ́lẹ̀. Kí ni kò jẹ́ kí ó jó di eérú? Nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Iná kò lè jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Ṣùgbọ́n ooru náà kò ṣe aláìsí: nínú agbára tí ó wọ irú gílóòbù bẹ́ẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tí ó ń di ìmọ́lẹ̀, ìyókù ń di ooru, ooru náà sì ń jáde síta.

Ní ọdún 1880, Latimer wọ ilé iṣẹ́ Hiram Maxim ní ìlú Bridgeport, ẹni tí òun àti Edison jọ ń díje. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí orúkọ Maxim, nítorí pé ọkùnrin yìí kan náà ni ó ṣe ìbọn arọ̀jò-ọta tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn ní ọdún 1892. Ní ilé iṣẹ́ yìí ni Latimer ti kọ́ gbogbo ohun tí ó wà nínú gílóòbù, ó sì rí àìlera rẹ̀. Fọ́nrán èédú kì í pẹ́, ó sì máa ń ṣẹ́ tàbí kí ó wọ́ nígbà tí a bá ń yan án nínú iná. Ní 1881, òun àti Joseph Nichols gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí ó dára jù láti so fọ́nrán náà mọ́ wáyà inú gílóòbù. Ní oṣù kìíní ọdún 1882, ó gba òmíràn fún ara rẹ̀ nìkan: ó fi páálí we fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kí ó tó yan án, páálí náà sì ń sún kì pọ̀ pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí fọ́nrán kò fi ń wọ́ tàbí ṣẹ́. Àwọn kan a máa sọ pé òun ni ó ṣẹ̀dá gílóòbù. Kò rí bẹ́ẹ̀, òtítọ́ sì tó fún un ní ọlá láìsí àbùmọ́: ó wà lára àwọn tí ó sọ gílóòbù di ohun tí a lè ṣe púpọ̀, tí ó sì lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á.

Kò dúró sí ìdí tábìlì nìkan. Wọ́n rán an lọ sí New York, sí Philadelphia àti sí Montreal ní Kánádà láti darí bí a ti ń fa wáyà àti bí a ti ń fi gílóòbù sí ilé iṣẹ́, ilé ìtajà àti ọ́fíìsì. Ní Montreal, èdè Faransé ni àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ. Latimer kò pariwo lé wọn lórí ní èdè tí wọn kò gbọ́. Ó jókòó kọ́ ọ̀rọ̀ Faransé tí iṣẹ́ náà gbà, kí àṣẹ tí ó bá pa lè yé wọn yékéyéké. Nínú iṣẹ́ iná, àṣìgbọ́ lè pa ènìyàn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti dá ilé tí wọn yóò ti máa ṣe gílóòbù sílẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo ènìyàn ni ó fi ayọ̀ gba iná tuntun yìí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ìdí sì wà fún un. Igi ni púpọ̀ nínú ilé wọn, òwú ni a sì fi ń we ara wáyà nígbà náà. Edison ròyìn lẹ́yìn náà ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé William Vanderbilt, ọlọ́rọ̀ ńlá kan ní New York. Wọ́n fi iná sí ilé náà, wọ́n tàn án ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sì pẹ́ tí ara ògiri fi ń rú èéfín. Bébà ọ̀ṣọ́ tí a lẹ̀ mọ́ ògiri náà ní fọ́nrán irin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, fọ́nrán yìí ni ó kan wáyà. Wọ́n tètè pa iná, ilé kò jó, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé fi àáké kọ́rí pé kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n sì tú u. Wàhálà náà kò ti inú gílóòbù wá rárá. Ẹ̀yìn ọ̀ṣọ́, níbi tí ojú kò tó, ni ó wà.

Irú nǹkan báwọ̀nyí ni ó jẹ́ kí àwọn tí ń ṣe iná mànàmáná wá ààbò. Ní 1880, Edison gba ìwé àṣẹ lórí ohun tí a ń pè ní fíùsì lónìí: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní aláìlera, kí òun lè yọ́ kí ó sì já nígbà tí iná bá pọ̀ jù, dípò tí wáyà inú ògiri ìbá fi gbóná. Ní 1894, William Henry Merrill dá ilé àyẹ̀wò sílẹ̀ ní Chicago, níbi tí wọ́n ti ń dán ohun èlò iná wò kí ó tó dé ọwọ́ ará ìlú. Ní 1897, wọ́n tẹ àkójọ òfin fífa wáyà jáde fún gbogbo Amẹ́ríkà.

Latimer ti kó lọ sọ́dọ̀ Edison nígbà náà. Láti ọdún 1884 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní ẹ̀ka àwọn ayàwòrán lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ẹ̀ka òfin. Nígbà tí ẹjọ́ pọ̀ lórí ẹni tí ó ni gílóòbù, òun ni wọ́n ń pè láti ya àwòrán, láti wá ẹ̀rí àti láti jẹ́rìí níwájú adájọ́, nítorí pé ó ti ṣiṣẹ́ ní àgọ́ méjèèjì, ó sì mọ iṣẹ́ náà dé gbòǹgbò. Ní 1890, ìwé rẹ̀ lórí iná gílóòbù jáde, ó sì ṣàlàyé nínú rẹ̀, ní èdè tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ lè gbọ́, bí iná Edison ti ń ṣiṣẹ́. Èyí wú mi lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni ó fẹ́ràn kí iṣẹ́ òun jẹ́ awo. Latimer fẹ́ kí ẹni tí iná wà nínú ilé rẹ̀ mọ ohun tí ó gbà sílé.

Ó gbé ìyókù ayé rẹ̀ ní Flushing, ní New York. Ó ń kọ ewì, ó ń lu ohun orin, ó ń kun àwòrán, ó sì ń kọ́ àwọn àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwòrán ẹ̀rọ. Nígbà tí àwọn tí ó bá Edison ṣiṣẹ́ ní àtètèkọ́ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1918, òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn olùdásílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1928, ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Iná mànàmáná ti dé Èkó kí ó tó kú. Ní 1988, wọ́n gbé ilé rẹ̀ kúrò ní ojú ibi tí wọn ìbá ti wó o, ó sì ti di ilé tí àwọn ènìyàn ń lọ wò láti kọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé wa. Ní Ọ̀jọ́ ni ọjà Alábà wà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wá ra ohun èlò iná láti ọ̀nà jíjìn. Ní ọjà ńlá gbogbo, ojúlówó àti ayédèrú a máa jókòó lórí pẹpẹ kan náà. Nítorí náà, kí a ka ohun tí a kọ sí ara gílóòbù àti ilé rẹ̀ kí a tó sanwó. Bí a bá kọ ọ́ pé ilé gílóòbù kò gbọdọ̀ gba ju iye wáàtì kan lọ, a kò gbọdọ̀ ki èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀. Ní òde Ọ̀jọ́ títí dé Òkokomáíkò, iná a máa lọ láìròtẹ́lẹ̀, nígbà mìíràn a sì padà pẹ̀lú agbára tí ó ju bí ó ti yẹ lọ. Wáyà tí kò nípọn tó kò lè fara da irú ìyẹn.

Ẹ rántí pé a fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò Latimer kí fọ́nrán má bàa jó. Òkè àjà wa kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, igi gbígbẹ wà níbẹ̀, eruku àti ìtẹ́ eku pẹ̀lú. Ooru nìkan ni ó kù kí ó dé. Nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ yí gílóòbù ká kí ooru rí ọ̀nà lọ, tí a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó fara kan igi, tàbí kí a fi fóòmù, páálí tàbí aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Gílóòbù LED tí ó gbòde báyìí kò gbóná tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbóná síbẹ̀, àpótí kékeré tí ń bọ́ ọ sì ń gbóná. Ibi tí a bá ti so wáyà mọ́ wáyà, inú àpótí tí a ṣe fún un ni ó yẹ kí ó wà. Kì í ṣe kí a lọ́ ọ pọ̀, kí a fi téèpù yí i, kí a sì tì í sínú òkùnkùn. Kí a pa iná láti orísun kí ẹnikẹ́ni tó gòkè, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ni yóò gòkè. Bí a bá ń gbọ́ òórùn ohun tí ń jó, tí gílóòbù ń ṣẹ́jú, tàbí tí àjà ń dúdú yí i ká, kí a pa iná kí a sì pe oníṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí iná bá ti ràn, kí a má da omi sí ohun tí iná mànàmáná wà lára rẹ̀. Kí a kó àwọn ọmọ jáde, kí a sì pe 767 tàbí 112.

Ẹni tí ó ń gba ilé tuntun a máa wo ìmọ́lẹ̀, a yìn ín, a sì sanwó. Ó kù sí ọwọ́ oníṣẹ́ ohun tí ó fi pamọ́ sókè. Èéfín ni ìwà, rírú ní í rú: iṣẹ́ tí a ṣe ní àṣekúṣe lókè àjà yóò jáde lọ́jọ́ kan, ó sì lè jẹ́ ní òru, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ óò di oníṣẹ́ iná, tàbí onílé, ẹ rántí ọmọ ẹrú tí ó fi ìlà tín-ín-rín àti páálí lásán ṣe iṣẹ́ tí orúkọ ẹlòmíràn bò, síbẹ̀ tí kò sí ìdè kan nínú rẹ̀ tí ó tú. Kí a kọ́kọ́ tún òkè àjà ṣe, kí a tó tẹ́ ẹní sí abẹ́ rẹ̀.